Àjọjẹ Kò Dùn Bí Ẹnìkan Ò Ní

Àwọn àgbà ló ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní. Oúnjẹ ni òwe yìí fi ṣe ojú, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá jókòó ti àwo kan, tí mẹ́sàn-án ń gbé òkèlè, tí ẹnì kẹwàá ń gbé itọ́ mì, ta ni yóò pe ìyẹn ní àjọjẹ? Àwọn mẹ́sàn-án ń jẹun, ẹnì kẹwàá ń wòran. Mo fi òwe yìí ṣíwájú nítorí ohun kan tó ti pẹ́ tó ti ń dun ọkàn mi nípa àwa onígbàgbọ́. A ń pé jọ gan-an. À ń kọrin pọ̀, à ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà, a sì ń pe ara wa ní arákùnrin àti arábìnrin. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wòran níbi tí àwọn yòókù ti ń jẹun.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìjọ tòun, kó rántí pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, aṣọ gbogbo wa ló mọ́, gbogbo wa la sì ń dáhùn pé "a dúpẹ́." Ẹni tí onílé ti fún ní ìwé pé kó kó jáde wà lórí àga kẹta. Ẹni tí dókítà bá sọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, òun ló ń gbé igbá ọrẹ kiri. Opó tí kò ra ẹran sínú ọbẹ̀ láti ìgbà tí oṣù ti bẹ̀rẹ̀ ń jó lọ síwájú pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di owó kékeré mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí iye tó jẹ́. Alùfáà súre, a túká, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Iṣẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ jọ dáwọ́ lé àti ẹrù tí wọ́n jọ rù ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìpéjọ nìkan kò lè ṣe é. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe fún ẹlòmíràn, ìjà ipò àti ìjà aṣọ ni yóò fi dípò iṣẹ́ náà, kì í sì í pẹ́.

Nígbà tí a bá ń wàásù nípa ìrẹ́pọ̀, orí kejì àti orí kẹrin ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì la máa ń sáré sí, níbi tí àwọn ará Jerúsálẹ́mù ti ń ta ilẹ̀ ta ilé kí aláìní má baà wà láàrin wọn. A fẹ́ràn Bánábà, ọmọ Léfì láti erékùṣù Kípírù, tó ta oko rẹ̀ tó sì gbé owó rẹ̀ wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kẹfà ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ máa kà sókè lọ́dọọdún, nítorí ibẹ̀ la ti rí i pé ìjọ tó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ pàápàá lè pín oúnjẹ kó má kárí.

Irú Júù méjì ló wà nínú ìjọ náà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ilẹ̀, èdè ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwọn kejì ti pẹ́ ní ìdálẹ̀, èdè Gíríìkì ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́, wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ Gíríìkì dá, ni àwọn ènìyàn wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ká ní irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa lónìí, ẹnìkan á ní ẹ̀mí ìkùnsínú ló wọ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn á ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kò yẹ kí àwọn fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ torí àtipín oúnjẹ, wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn sí rere. Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n yàn: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórì, Tímónì, Páménà, àti Níkólásì ará Ańtíókù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Àwọn tí ebi ń pa opó wọn gan-an ni ìjọ gbé ìgbakọ lé lọ́wọ́.

Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, èso rẹ̀ kò sì pẹ́ kó tó yọ. Stéfánù nínú wọn ló kọ́kọ́ kú nítorí orúkọ Jésù. Fílípì ló gbé ìhìnrere lọ sí Samáríà, òun náà ló bá ìwẹ̀fà ará Etiópíà pàdé lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ tó sì rì í bọmi. Ìkùnsínú lórí oúnjẹ ló mú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí jáde síta. Bí ẹnu bá ti ya àwọn àpọ́sítélì ju etí lọ lọ́jọ́ náà, a kì bá tí gbọ́ orúkọ wọn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dìde nínú ìpàdé yín tó ní nǹkan kò dọ́gba, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Ẹ gbọ́ tirẹ̀, ẹ gbọ́ ti àwọn tó ń pín nǹkan náà, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wá jẹ́ òtítọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ nìkan pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ pín nínú iṣẹ́ náà fún un.

Ní Kọ́ríńtì, oúnjẹ náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ibi ìpàdé ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa pọ̀. Àwọn tó rí já jẹ á ti kó oúnjẹ wọn síwájú, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á yó. Aláìní á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ebi àti ìtìjú. Pọ́ọ̀lù kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n: ó ní ohun tí wọ́n ń jẹ yẹn kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ Olúwa rárá, ó sì ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn.

Ẹ fi ojú yẹn wo ọjọ́ ìkórè wa. Ta là ń gbé oúnjẹ gbígbóná fún lábẹ́ àtíbàbà tó ní fáànù? Ta ló ń dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì títí di ìrọ̀lẹ́ láti mọ̀ bóyá ìrẹsì ṣẹ́ kù? Mi ò bá ìkórè jà. Ọjọ́ ọpẹ́ ni, ó yẹ ká yọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn tó ń bójú tó oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ pípín láti ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó àti àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kí ẹni tó jókòó sí àga iwájú gba tirẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ dán an wò lọ́dún kan péré. Ẹ ó mọ àwọn tó wá dúpẹ́ lọ́jọ́ náà.

Òwe kan wà tó jẹ́ pé ẹnu àwọn onígbàgbọ́ la ti ń gbọ́ ọ jù: owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó yẹ ká mọ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà àti ibi tó ń gùn ún lọ. Mo gbà láìṣiyèméjì pé owó ti tú ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ká ní ilẹ̀ wa ju ẹ̀kọ́ òdì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí owó kan tí Pọ́ọ̀lù ń dá jọ káàkiri.

Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Ágábù sọ ní Ańtíókù pé ìyàn ńlá ń bọ̀, ó sì mú lóòótọ́ nígbà Kíláúdíù ọba Róòmù. Ìjọ Ańtíókù, tí àwọn tí kì í ṣe Júù pọ̀ nínú rẹ̀, dá owó jọ fún àwọn ará ní Jùdíà, kálukú gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Bánábà àti Sọ́ọ̀lù, tó padà di Pọ́ọ̀lù, ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ìjọ ti wà ní Gálátíà, Makedóníà àti Ákáyà, Pọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀ ìdáwó mìíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, fún àwọn tálákà inú ìjọ Jerúsálẹ́mù.

Ètò tó ṣe ni kí ẹ wò. Kò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí òun bá dé ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó kiri. Ó ní lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀, kí olúkúlùkù máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ bí Ọlọ́run bá ṣe bù kún un. Ó ní kí àwọn fúnra wọn yan àwọn tí wọ́n fọkàn tán láti gbé owó náà lọ pẹ̀lú lẹ́tà. Àwọn ará Makedóníà, tí òṣì ń bá fínra, ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọ àwọn sílẹ̀. Àwọn ará Kọ́ríńtì, tí ọwọ́ tiwọn dẹ̀ díẹ̀, ti ṣèlérí láti èṣí, ìlérí ọ̀hún kò sì tíì délé. Pọ́ọ̀lù rán Títù sí wọn kí ọ̀rọ̀ náà lè parí, kò sì rán an lóun nìkan. Arákùnrin kan tí àwọn ìjọ yàn bá a lọ, ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé wọn. Pọ́ọ̀lù sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní tààrà: òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan wí lórí owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ́ lójú Olúwa, kó sì mọ́ lójú ènìyàn. Nígbà tó wá dorí kọ Jerúsálẹ́mù, Lúùkù dárúkọ ẹni méje tó bá a rìn: Sópátérù ará Béríà, Àrísítákù àti Sẹ́kúńdù láti Tẹsalóníkà, Gáíù ará Dẹ́bè, Tímótì, pẹ̀lú Tíkíkù àti Tírófímù tí wọ́n wá láti Éṣíà.

Àpọ́sítélì tí Olúwa yọ sí lójú ọ̀nà Damásíkù kò gbà kí owó ìjọ wà lọ́wọ́ òun nìkan. Kí wá ni ti akápò ẹgbẹ́ tó ń bínú nítorí wọ́n ní kó mú ìwé owó wá? Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì máa ka owó lójú ara wọn, kí ẹnì kẹta máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Kí àkáǹtì ẹgbẹ́ má ṣe jẹ́ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo, bó ti wù kó jẹ́ ẹni Ọlọ́run tó. Akápò ni èyí ń dáàbò bò ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ tí ahọ́n bá gbé e, ìwé ni yóò gbà á.

Owó yìí tún ju owó oúnjẹ lọ lójú Pọ́ọ̀lù. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Jerúsálẹ́mù ò tíì gbà tọkàntọkàn pé àwọn Kèfèrí tó gba Jésù gbọ́ ti di ọmọ ilé. Nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, Pọ́ọ̀lù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun gbàdúrà kí àwọn ará Jerúsálẹ́mù lè tẹ́wọ́ gba ẹ̀bùn náà. Ó mọ̀ pé ebi lè máa pa ènìyàn kó sì kọ oúnjẹ nítorí ọwọ́ tó gbé e wá. Ìrìn àjò náà gba òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti mú un, wọ́n ní ó mú Kèfèrí wọ ibi mímọ́, torí wọ́n ti rí Tírófímù pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìlú. Ẹlẹ́wọ̀n ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀, iye tó ń ná ènìyàn nìyẹn.

Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ti hàn ní ilẹ̀ tiwa náà. Ọdún 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wá fìdí iṣẹ́ ìhìnrere múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí wọ́n tó dé ni àwọn Sàró, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti kó lẹ́rú tí wọ́n sì gba òmìnira ní Sàró (Sierra Leone), ti ń padà wálé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ wọn. Inúnibíni dé lọ́dún 1849, wọ́n na àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, wọ́n sì kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà. Lọ́dún 1851, ogun Dàhòmì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta. John Baptist Dasalu, ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà, kò bọ̀ láti ojú ogun. Àwọn ará Dàhòmì ti mú un lẹ́rú, wọ́n tà á, ó bá ara rẹ̀ ní Kúbà. Ìjọ kò gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS gbé e lọ síwájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá a ní Kúbà títí wọ́n fi rí i. Ó gba òmìnira, ó sì tún padà sí ilẹ̀ Yorùbá.

Láyé tí kò sí tẹlifóònù nìyẹn o. Òkun ló wà láàrin wọn, wọ́n ṣì ń bèèrè arákùnrin wọn. Àwa tí fóònù ń dún lápò wa ńkọ́? Ẹnìkan lè má wá sí ìsìn fún oṣù méjì kí a má mọ̀, àfi ọjọ́ tí a bá ń gba owó aṣọ ìkórè tí orúkọ rẹ̀ kù lórí ìwé. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́, ańjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Mo ti rí ẹni tó ń gbàlejò gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, tó jẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ń gbé gààrí wá fún un. Ọlọ́run á san án fún aládùúgbò náà. Ojú ni ó yẹ kó ti àwa tí à ń pè é ní arákùnrin.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Àwọn kan kì í padà wá mọ́ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá ti dá aṣọ tí agbára wọn kò ká. Wọn kì í jà, wọn kì í sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń rọra fà sẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ bá gbọ́dọ̀ dá aṣọ, kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún mélòó kan, kí alága àti akápò sì ní owó tí wọn yóò fi ra ti ẹni tí kò ní, kó má jẹ́ pé ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láéláé.

Ẹgbẹ́ kan wà tí kì í ṣe aṣọ ló so wọ́n pọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó gba gbogbo ayé kan ń pa ènìyàn, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ń kó ara wọn jọ láti gbàdúrà. Joseph Ṣadárẹ wà láàrin wọn, Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ olùkọ́, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n padà kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922 lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti àwọn nǹkan mìíràn, inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn sì ni gbòǹgbò ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) wà. Ẹni tó fẹ́ lè bá wọn jiyàn lórí ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí kò ṣe é jiyàn lé ni pé ìyà tó ń jẹ aládùúgbò ló kó wọn jọ, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń pàdé.

Kò sí ẹni tó ní onígbàgbọ́ kì í jà. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì jọ ń gbé ẹnu kan. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà jà lórí Jòhánù Máàkù débi pé wọ́n pínyà: Bánábà mú Máàkù, ó wọkọ̀ lọ sí Kípírù, Pọ́ọ̀lù mú Sílà, ó gba Síríà àti Kìlíkíà lọ. Kò sí èyí tó pa iṣẹ́ tì nínú wọn. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n tí ọjọ́ ń lọ, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú Máàkù wá fún òun, torí ó wúlò fún iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà ló fún wọn ní ibi tí wọ́n ti lè tún pàdé.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí àwọn Onítẹ̀bọmi ní Èkó. Lọ́dún 1888, ìjọ wọn pín sí méjì. Aáwọ̀ láàrin Moses Ládèjọ Stone, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀, àti òyìnbó míṣọ́nnárì tó ń darí wọn ló tan iná ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ igi ti wà nílẹ̀: àwọn ọmọ ilẹ̀ fẹ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú ìjọ tí wọ́n ń fi òógùn wọn kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn jáde, bí ìjọ Ebenezer ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lára àwọn tó síwájú wọn ni David Brown Vincent, ẹni tó padà sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Àgbébí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Lọ́dún 1914, ní Ìbàdàn, àwọn ìjọ tó jáde àti àwọn tó dúró ti àwọn míṣọ́nnárì jókòó pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀, èyí tó di Nigerian Baptist Convention lónìí. Àgbébí, tó wà nínú àwọn tó jáde, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí Ebenezer ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kó padà sílé. Ìjọ náà ṣì wà ní Èkó títí dòní. Wọ́n fi ilé kálukú sílẹ̀ fún un, wọ́n mú iṣẹ́ ìhìnrere ṣe pọ̀.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1965. Ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètò láti di ìjọ kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Òfin ti wà nílẹ̀, wọ́n ti dá ọjọ́: ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1965. Ó ku díẹ̀ kọ́jọ́ pé ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ọjọ́ náà kò sì dé mọ́. Síbẹ̀, Immanuel College ní Ìbàdàn, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1958 láti máa kọ́ àwọn alùfáà, wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò lè fẹnu kò lórí ìwé òfin jọ ń tọ́ alùfáà dàgbà nínú ọgbà kan. Ìdájọ́ tèmi ni pé iṣẹ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọ mẹ́ta tó wà ní òpópónà kan náà lè má gbà lórí ìrìbọmi títí Jésù yóò fi dé, àmọ́ wọ́n lè jọ gbẹ́ kànga kan fún àdúgbò, wọ́n lè jọ san owó ìdánwò ọmọ aláìlóbìí, wọ́n sì lè jọ máa bẹ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wò.

Ó ku ohun kan tó ń ba ìdàpọ̀ jẹ́ láìpariwo. Arábìnrin kan á sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún ẹni méjì kí wọ́n bá a gbàdúrà sí i. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ náà ti wọ WhatsApp, wọ́n kọ "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún arábìnrin wa" sórí rẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní la ẹnu mọ́, yóò sì máa kú díẹ̀díẹ̀ láàrin èrò. Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ fún ọ, kó parí sí etí rẹ àti etí Ọlọ́run. Bó bá gba pé kí ẹlòmíràn gbọ́, tọ ọlọ́rọ̀ lọ kó o gba ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́. Alága tó bá gbọ́ pé wọ́n tú àṣírí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá ẹni náà wí lójú ara rẹ̀ ti jọ tú u.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wọ́n jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, tí owó ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ti gbé mì, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní Peckham tàbí ibòmíràn ló kọ́kọ́ ń wá, torí ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀." Kí ẹ tó fi í sínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ bi í níbi tó ń sùn. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹni tó mọ ọ̀nà iṣẹ́ tó tọ́ lójú òfin fi hàn án. Kò sí ìwàásù tó dé inú ènìyàn tó èyí.

Mo bẹ ẹ̀yin alága, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń darí ẹgbẹ́. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó mẹ́nu kan aṣọ tàbí ìkórè, ẹ béèrè ohun méjì: ta ni nínú wa tí a kò rí láti oṣù kan, ta sì ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa tí à ń gbé ẹrù rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ pín wọn fún ara yín ní méjì méjì, ẹ lọ sílé wọn láàrin ọ̀sẹ̀ náà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá tún pàdé, kí àwọn tó lọ jíṣẹ́ ibi tí wọ́n lọ àti ohun tí ó kù tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kí àṣírí onílé dúró sí ilé rẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan kọ sí abẹ́ ìbéèrè kejì, ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣọ dúró lọ́dún yìí, kí ẹ lọ wá ẹnìkan.